Ilé Là Ń Wò: Ẹ Lọ Wo Ilé Náà Ní Aago Méjì Ọ̀sán

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń yí ká: irú ilé wo làwọn èèyàn ń wá lóde òní, kí ló sì yẹ kí èèyàn náwó lé lórí? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá àwọn èèyàn wá ilé, tí mo ń bá wọn tà á, ní ọ́fíìsì mi ní Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta. Bíríkìlà ni bàbá tó bí mi. Orí búlọ́ọ̀kù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹsẹ̀ bàtà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti ọkọ mi ti ń tọ́jú owó ilé. Èkó lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀ láti Láderìn. Àwa àti ọmọ méjì la há sínú yàrá méjì ní Ọ̀bàǹtokò. Wọ́n ti mú wa lọ wo ilé méjì. Ọ̀kan jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun, yàrá mẹ́rin, òkè ni gbogbo yàrá wà. Èkejì jẹ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ní Adìgbẹ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn lọkàn mi wà, ó rẹwà kọjá sísọ. Ọkọ mi ní ilé ilẹ̀ ni ká rà. Èwo làwọn èèyàn ń rà báyìí, kó má lọ di pé a rà á tán, kò ní rí ẹni rà á mọ́ lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ tà á? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ọ̀bàǹtokò)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, ìyàwó wa. Ọlọ́run á jẹ́ kí owó ọdún mẹ́ta yìí rí ibi gidi jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn oníbàárà mi ń béèrè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé yàrá mélòó ló wà níbẹ̀, ṣé pálọ̀ rẹ̀ fẹ̀? Nísinsìnyí, kí wọ́n tó bọ́ bàtà wọlé, omi ni wọ́n ti béèrè. Ṣé kànga ẹ̀rọ wà níbẹ̀? Ṣé kì í gbẹ? Bí wọ́n bá kúrò lórí omi, ó di iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún), tí ìwọ̀n kan di ₦225 lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ti ń wo òrùlé lójú mìíràn: ibo ni páńẹ́ẹ̀lì sólà máa wà, ṣé igi òrùlé á lè gbé e, ibo ni bátìrì máa jókòó sí tí ọmọdé ò ní débẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó bọ́ sórí bàlùwẹ̀ inú yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀, yàrá ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìn, àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n lè gbà gbé ìkòkò àmàlà jáde. Pálọ̀ méjì, ti bàbá ọ̀tọ̀, ti àlejò ọ̀tọ̀, kò tún wu ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. Wọ́n ní ibi tí wọn ò jókòó sí náà ni wọ́n á máa gbá, tí wọ́n á máa kùn.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó nílùú wa yìí. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó. Wọ́n lè gbẹ́ kànga sí ọgbà kan kó rú omi, kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ọgbà kejì kí wọ́n bá òkúta gbígbẹ títí owó fi tán. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ omi níṣojú yín, kí ẹ sì lọ bi aládùúgbò ní ohun tí kànga náà ń ṣe nínú oṣù kejì àti ìkẹta. Kí ẹ tún bèèrè ibi tí sọkawé, kòtò tó ń gba omi ìgbọ̀nsẹ̀, wà. Ó yẹ kí àlàfo àárín òun àti kànga tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Lórí ilẹ̀ ọgọ́ta sí ọgọ́fà, àfi kí ọ̀kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn pátápátá. Ti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀ o, ẹ bojú wo ọ̀hún.

Ó kan ilé tí ọkàn yín wà. Irú ilé yẹn gan-an ni mo ń gbé. Yàrá mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lókè, èmi náà ni mo ní kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eékún ń dun màmá mi, mo lọ gbé wọn wá sọ́dọ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa gùn kí wọ́n tó dé yàrá tí mo tọ́jú fún wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n di irin mú, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn máa sùn sórí àga nísàlẹ̀. Bí a ṣe ta aṣọ sí igun pálọ̀ nìyẹn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa láró nígbà tí wọ́n ṣì ń tajà ní Ìtòkú, a sì gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré sẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ kò ní ibi ìwẹ̀. Nínú agbada oníke ni mo ti ń wẹ̀ fún wọn, a ó ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ọdún méjì gbáko. Bí àlejò bá dé, màmá mi á dákẹ́ lẹ́yìn aṣọ yẹn bí ẹni pé wọn ò sí nílé. Mo máa ń rí ojú ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ etí aṣọ náà, wọ́n á kó o jọ pọ̀ kí àlejò má bàa rí wọn. Wọ́n ti lọ báyìí. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni mo kọ́, ìyá mi ò rí ọ̀kan sùn nínú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi gbogbo oníbàárà: ta ló máa gbé ibẹ̀? Ẹ dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ yín ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin fúnra yín lè bímọ mìíràn, kí dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ máa gun òkè. Bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá ní yàrá kan péré nísàlẹ̀ pẹ̀lú bàlùwẹ̀ tirẹ̀, ẹ rà á, n kò ní dá yín dúró. Irú èyí kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí, torí kò sí ẹni tí kò ní òbí. Bí kò bá ní in, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè gé díẹ̀ lára pálọ̀ fún un. Bí wọn ò bá lè gé e, ẹ fi í sílẹ̀.

Ilé ilẹ̀ Adìgbẹ ńkọ́? Ẹ má lọ wò ó ní àárọ̀. Àárọ̀ ni àwa àgẹ́ńtì máa ń fẹ́ mú èèyàn lọ, torí pé ilé gbogbo ló tutù láàárọ̀. Ẹ lọ ní aago méjì ọ̀sán, lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Mo mú tọkọtaya kan lọ wo ilé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, POP àjà rẹ̀ ní òdòdó mẹ́ta ìpele-ìpele, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn nínú rẹ̀. Ọkọ gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kò wòkè rárá. Ó wọ yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kà. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, ó yíjú sí mi, ó ní: “Àǹtí, ara ògiri yìí gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ibí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mi sùn?” N kò rí ohun kan fọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà, fẹ́ǹsì aládùúgbò sì dí i lójú. Wọn ò ra ilé náà, wọn ò sì jẹ̀bi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ gbogbo oníbàárà mi bí ẹni yẹn ṣe ṣe é. Ẹ gbọ́wọ́ lé ògiri ìwọ̀ oòrùn. Ẹ ka fèrèsé yàrá kọ̀ọ̀kan: ó yẹ kó jẹ́ méjì, lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí atẹ́gùn tó gba ibì kan wọlé rí ibòmíràn gbà jáde. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́ wá bá wa, ti ọyẹ́ ń bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn. Ilé tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sí ojú méjèèjì yìí kì í mooru bí èyí tó dijú. Ẹ wo etí òrùlé bóyá ó yọ síta tó láti ṣíji bo fèrèsé. Àwọn àpáta wa yìí máa ń pa ooru ọ̀sán mọ́ra di alẹ́, ẹni tó bá ti sùn ní Ìtókò nínú oṣù kẹta mọ ohun tí mò ń wí. Bí iná bá wà, ẹ̀rọ amúlétutù á gbà yín. Bí kò bá sí, fèrèsé yẹn ni.

Bí ògiri Adìgbẹ bá yege, tọkọ yín ni màá ṣe. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ lè gbé òkè lé e lọ́jọ́ iwájú, àfi bí ẹ bá rí àwòrán ilé náà tí ẹ sì mú ẹnjiníà tiyín wá wo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ kì í gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ní ti títà lọ́jọ́ iwájú: ìwé ló ń ta ilé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ gbé ìwé tí awọnlẹ̀ yà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ò ti gba ilẹ̀ náà fún ohun mìíràn. Lẹ́yìn ìwé ni ọ̀nà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2021, àwọn tó ń béèrè ilé tó súnmọ́ ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderìn ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ mi. Kí ọkọ yín gbéra láti ilé Adìgbẹ yẹn lọ sí ibùdókọ̀ láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan tí òjò rọ̀. Iye ìṣẹ́jú tó bá gbà wọ́n lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣèpinnu, kì í ṣe iye tí àgẹ́ńtì pè.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 68. Bàbá bàbá wa kọ́ ilé alámọ̀ olókè kan sí Ìtókò, lábẹ́ Olúmọ. Àwọn ọmọ mi ní ká tà á, wọ́n ní kò sẹ́ni tó tún ń fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ nìkan ló níye. Àwọn àbúrò mi méjì kò fara mọ́ ọn. Kí lẹ rí sí i? (Bàbá kan, Ìtókò)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, Bàbá. Mo fi ìkúnlẹ̀ kí yín.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun táwọn ọmọ sọ. Ẹni tó ń ra ilé lónìí fẹ́ kí mọ́tò òun wọ géètì, ọ̀pọ̀ ilé Ìtókò sì wà níbi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ la fi ń dé ibẹ̀, láàárín òkúta. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá. Ilé ẹbí ni. Bí ẹnì kan bá dá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá sì tà á láìfi ti àwọn ọmọ ẹbí tó jẹ́ pàtàkì ṣe, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Nítorí náà, “kò” tí àwọn àbúrò yín méjèèjì sọ yẹn wúwo gan-an. Ẹni tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ló rà. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn jẹ́jẹ́, ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń lọ kóòtù Ìsábọ̀.

Èmi ì bá fẹ́ kí ẹ má tà á. Mi ò sọ ọ́ torí kí inú yín lè dùn. Ògiri amọ̀ tó nípọn bẹ́ẹ̀ ń dènà ooru ju búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́lé káàkiri báyìí. Ohun tí àwọn oníbàárà mi ń wá kiri níta, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù rà, ó wà lára ilé bàbá yín látijọ́. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa ilé amọ̀, omi ni. Páànù tó ti dípẹtà tó ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà: sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí, ọ̀rinrin á há sínú, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ gbogbo rẹ̀ á ṣí kúrò bí èèpo, á mú amọ̀ dání. Amọ̀ ni kí wọ́n fi tún amọ̀ ṣe. Bí ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣì jẹ́ pákó oníṣẹ́ ọnà, irú èyí tí àwọn Sàró àti Àgùdà tó padà wálé láti Sierra Leone àti Brazil kọ́ àwọn kápíńtà wa, ẹ má tà wọ́n fún àwọn tó ń kiri ra nǹkan àtijọ́. Olúmọ kò jìnnà sí yín, àlejò ń wá wò ó. Yàrá méjì tó mọ́, tó ní omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ilé, á máa mú owó díẹ̀ wọlé fún ẹbí. Owó náà á kọ́kọ́ dàbí kékeré lójú àwọn ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n wá sun ibẹ̀ mọ́jú nínú oṣù kẹta, kí wọ́n tó tún dá ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Manchester ni mò ń gbé, àbúrò mi ló ń bá mi mójú tó ilé tí mò ń kọ́ sí Kóbapé. Mo fẹ́ kí kíṣìn àti pálọ̀ jẹ́ ọ̀kan, láìsí ògiri láàárín, bí a ṣe ń ṣe é níbí. Mo sì sọ pé mi ò fẹ́ irin kankan lójú fèrèsé, kò jẹ́ kí ilé dára. Àbúrò mi ní mo ti di òyìnbó. (Ọmọ Ẹ̀gbá lẹ́yìn odi)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àjò o. Ẹ má bínú sí àbúrò yín.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n ń dín ata nílé yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, bí gbogbo ilé ṣe ń sín. Ata yẹn kò tíì yí padà. Bí ògiri kò bá sí, òórùn irú àti epo gbígbóná á wọnú àga àti kọ́tìnì, kò sì ní jáde. Mo mọ àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ́ ọ bí ẹ ṣe fẹ́ yìí. Méjì nínú wọn ti pe kápíńtà padà wá fi gíláàsì dí i. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí kíṣìn inú ilé ṣí sí pálọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́, fún tíì àti ohun wẹ́wẹ́, kí ẹ sì kọ́ kíṣìn kejì sẹ́yìn ilé, kó ní òrùlé, omi àti fèrèsé fífẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ro ọkà, tí wọ́n á ti máa dín ẹja. Kí síléńdà gáàsì wà níta ògiri.

Ní ti irin, ojú fèrèsé tí kò ní irin ń dẹ́rù bà ẹni tó máa sùn nínú ilé náà, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sùn níbẹ̀ lálaalẹ́. Ohun tó ń dun èmi ni irin tí wọ́n jó pa sí gbogbo fèrèsé. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní pálọ̀, ibo ni ọmọ inú yàrá máa gbà? Mo bẹ̀ yín, kí irin fèrèsé kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó ṣeé ṣí láti inú. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje ti lè tó o, kí ọwọ́ olè má sì tó o láti ìta. Ẹ ní kí àbúrò yín ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó sanwó fún wẹ́dà.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fẹ́ ta ilé kan fún mi ní ẹ̀dínwó, ó súnmọ́ odò. Mo sì fẹ́ mọ irú táìlì tó wà lójú ọpọ́n báyìí fún bàlùwẹ̀. (Oníṣòwò, Lafẹ́nwá)

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lafẹ́nwá mọ Odò Ògùn jù mí lọ, ẹ sì mọ̀ pé omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán ìsàlẹ̀ odò ló ń gbà lọ. A ò tíì gbàgbé òjò oṣù keje ọdún 2018 tó gbé ẹ̀mí lọ nílùú yìí. Ẹ̀dínwó náà, omi ló dín in.

Táìlì: àwọn èèyàn ń fẹ́ aláwọ̀ eérú ńlá-ńlá báyìí, tó ń dán. Ẹ lè fi èyí tó ń dán sára ògiri. Fún ilẹ̀ bàlùwẹ̀, ẹ mú èyí tí ara rẹ̀ kì í yọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n bu omi ọṣẹ sí i, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ di káńtà mú, kí ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yọ owó.